Ohun tí Tíṣà Kọ Sínú Ìwé Ojoojúmọ́

Láti kùtù òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Tíṣà ti jókòó sídìí tábìlì, tó ń wo ìlà kan ṣoṣo. Orí tábìlì yìí kan náà ni wọ́n ti ń jẹun nínú ilé, orí rẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ tó ń ránṣọ ti ń gé aṣọ, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí kò sí ẹni tó láyà láti gbé abọ́ lé e. Ìtàn ilé ìwé Kátólíìkì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Tíṣà ń kọ. Ilé ìwé náà yóò pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin lọ́jọ́ Àìkú, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, Fádà sì ti ní kò sí ẹlòmíràn tó lè kọ ìtàn náà. Òótọ́ ni Fádà sọ. Tíṣà kàwé níbẹ̀, ó fi ọdún mọ́kàndínlógójì kọ́mọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá fi abẹ sín in lọ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ pátákó ni ó máa jáde.

Ó sì mọ ìtàn náà kọ, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ó kọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìloro ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá, olùkọ́ kan, àti pátákó kan tí wọ́n fi èédú kùn. Ó kọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ká òrùlé lọ lọ́dún kẹta, tí àwọn ìyá ọmọ fi orí ru òkúta láti etí odò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko kí ògiri tuntun tó dúró. Kò rí orúkọ ìyá kankan kọ, nítorí pé ohun tó bá nínú àkọsílẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Àwọn obìnrin ìjọ ṣe ìrànlọ́wọ́." Ìrànlọ́wọ́! Ọrùn wọn ló mọ orúkọ tó yẹ kí wọ́n pè é.

Àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Ìwé Ojoojúmọ́. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Láti ọjọ́ tí ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá ti gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ewé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣe àṣìṣe, abẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ àtúnṣe sí, kí ó fọwọ́ sí i. Ìdìpọ̀ méje ni gbogbo rẹ̀, méjèèje ló sì wà nílé Tíṣà nítorí ìtàn tó ń kọ, títí kan èyí tí wọ́n ń lò lọ́wọ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé ìwé, Sístà tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ á kọ ọ́ sórí bébà pélébé, Katikíìsì á mú un wá, Tíṣà á sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára dà á kọ sínú ìwé.

Ìlà tó ń wò láàárọ̀ yìí kò sí nínú ìwé tuntun. Ó ti lé ní ọdún méjìdínláàádọ́ta tí wọ́n ti kọ ọ́. "Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní kíláàsì kẹrin fi ilé ìwé sílẹ̀ fúnra rẹ̀." Ọwọ́ náà mọ́, ó tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, gbogbo lẹ́tà dúró ṣánṣán. Ọwọ́ Tíṣà ni, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ọwọ́ Ọ̀gá Onígíláàsì, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé nígbà náà, máa ń gbọ̀n, ni ọ̀gá bá yan ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù láti máa bá a kọ ọ́. Ọ̀gá á sọ ọ́, ọmọ á kọ ọ́. Láti orí ìjókòó yẹn ni ọmọ náà ti di olùkọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fi ilé ìwé sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń po sítáàṣì. Àbúrò Tíṣà ni, Àǹtí Sítáàṣì tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ pẹpẹ tó sì ń lọ̀ ọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí Fádà mẹ́rin ti wá tí wọ́n ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ gba apá ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀gá Onígíláàsì gbá a ní etí òsì lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán síbẹ̀. Gbọ̀ngàn tuntun tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ ṣí lọ́jọ́ Àìkú, orúkọ Ọ̀gá Onígíláàsì ni wọ́n fẹ́ fi pè é. Tíṣà ló sì ti kọ ọ́ sí orí kọkànlá ìtàn rẹ̀ pé lásìkò ọ̀gá yìí, wọn ò lé ọmọ kankan.

"Bọ̀dá," Àǹtí Sítáàṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ̀wà ti jinná. Ṣé ìwé lẹ máa jẹ ni?"

Tíṣà yára fi ìgbọ̀nwọ́ bo ojú ewé náà. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó jẹ́ pé kíláàsì kẹrin ló dé, tó ń ka ìwé orin pẹ̀lú ìka, òun ni àgbàlagbà ń fi ìwé pamọ́ fún.

"Bu tèmi sílẹ̀," ó ní. "Ó ku díẹ̀ kí n parí."

"Láti Ọjọ́rú ló ti ku díẹ̀," ni Àǹtí sọ, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ maṣíìnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, ẹ má rò pé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni. Ẹnu rẹ̀ náà mú. Ó ti rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sílé ìwé láti aago méje. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Ẹ̀ga ni inagijẹ rẹ̀, nítorí pé bó ṣe ń jí ni ẹnu rẹ̀ ń jí. Láàárọ̀ yẹn gan-an, bí wọ́n ṣe ń di irun rẹ̀, ìbéèrè ló ń bi bàbá àgbà rẹ̀. "Bàbá Àgbà, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé òrùlé lọ, ibo ló gbé e lọ? Ta ló lọ gbé e wá? Ṣé àwọn ọmọ ò tutù?" Tíṣà dáhùn ẹyọ kan, ó fi méjì tó kù sílẹ̀. Nítorí pé Tíṣà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọmọ náà láìsanwó; ilé ìwé tí òkúta orí àwọn ìyá kọ́, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ lónìí ti ju agbára aránṣọ lọ.

Nígbà tó di bíi aago mọ́kànlá, maṣíìnì dákẹ́ lójijì. Tíṣà gbọ́ tí Abẹ́rẹ́ ní, "Kí ló dé? Kí lo wá ṣe nílé?" Kò gbọ́ èsì. Ìyẹn ló gbé e dìde, nítorí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí wọ́n bi Ẹ̀ga léèrè ọ̀rọ̀ kí èsì máà wá.

Ọmọ náà dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ di etí òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, ìka mẹ́ta hàn níbẹ̀ kedere. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ fi agbára ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló gbá ọ?"

"Olùkọ́ wa," ni ọmọ náà sọ, ohùn rẹ̀ rí tín-ín-rín. "A ń kọ́ orin ti Àìkú. Mo bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀."

Abẹ́rẹ́ ké. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké, ó sì tó. Oníbúrẹ́dì tó ń gbé yàrá kejì jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó wo ọmọ, ó mi orí. "Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Ta ni wọn ò lù nílé ìwé? Wọ́n lu èmi náà, lílù bí ẹni lu aṣọ, mo sì di èèyàn."

"Ẹ di kí ni?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

Oníbúrẹ́dì ronú díẹ̀. "Mo di oníbúrẹ́dì," ó ní, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ti ń wá bàtà. Ó ní òun ń lọ sílé ìwé báyìí báyìí, pé Bíṣọ́ọ̀bù á bá òun níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, pé olùkọ́ yẹn á mọ̀ pé ọmọ ní ìyá. Tíṣà dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ nígbà tó ń kọ́mọ. "Ọmọ mi, sùúrù. Kò yẹ kí ó gbá a tó bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ayẹyẹ yìí kọjá ná. Ìbáwí ni. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí..."

"À á fi ọ̀tún fà á mọ́ra," ni Abẹ́rẹ́ parí rẹ̀ fún un. "Bàbá, ọ̀tún ló fi gbá a. Èwo ló fi fà á mọ́ra? Bàtà mi dà?"

Nínú ariwo yìí, Àǹtí Sítáàṣì kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ti gbé ọmọ jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ funfun mímọ́ nu etí rẹ̀, ó rọra nù ún. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sẹ́yìn ọmọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ di etí ọ̀tún rẹ̀ pinpin, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀ga, ṣé kí n fún ọ ní ṣúgà?"

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

Ó tún un sọ. Ọmọ náà kò gbọ́. Ẹ̀ga tó jẹ́ pé bí ẹ bá dárúkọ ṣúgà ní òpópónà kejì, yóò dáhùn! Àǹtí ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó wo Tíṣà. "Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ẹ má lọ sílé ìwé. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Báyìí."

Abẹ́rẹ́ gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú bàtà kan òun ìkejì tí kò bára mu.

Ìgbà tí Katikíìsì fi dé, ẹ̀wà Tíṣà ti di yìnyín lórí àga. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Katikíìsì, Tíṣà ló kọ́ ọ ní kíláàsì kejì, kò sì jókòó níwájú rẹ̀ rí àfi bí ó bá ní kó jókòó. Iṣẹ́ méjì ló bá wá. Èkíní, Fádà ní kí òun gba orí kejìlá, nítorí pé àwọn òǹtẹ̀wé ń dúró. Ìkejì, ó na bébà pélébé kan sí Tíṣà, ó sì ń wo ibòmíràn.

Ọwọ́ Sístà ló wà lórí rẹ̀. "Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní kíláàsì kẹrin ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì fi etí gbálẹ̀. A ti dá a padà sílé."

Tíṣà kà á, ó tún un kà. "Ó ṣubú?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, sà." Katikíìsì ń fọwọ́ pa fìlà rẹ̀. "Gbogbo wa la mọ bó ṣe jẹ́. Ọ̀dọ́ ni olùkọ́ náà, ẹkún ló ń sun láti àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún. Bí Bíṣọ́ọ̀bù bá ṣí Ìwé Ojoojúmọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ó sì máa ń ṣí i, kí ló máa rí? Sístà ní kí n sọ fún yín pé ààyè ọmọ yín wà níbẹ̀, bó ti wù kó rí. Àní bí wọ́n tilẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í san owó yẹ̀ wò, wọn ò ní yẹ tiẹ̀ wò. Ìlà kan péré ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n ju Katikíìsì lọ. Tíṣà fa ìwé tuntun súnmọ́ ara, ó ki gègé bọ íńkì, ó kọ ọjọ́ àti oṣù. Ó ń sọ fún ọkàn rẹ̀ pé nítorí ọmọ náà ni, kó má baà pàdánù ilé ìwé. Ó kọ: "Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní kíláàsì kẹrin." Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Ó mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan náà ti kọ wọ́n rí, ní títẹ̀ kan náà, sápá ọ̀tún.

Nígbà tó gbójú sókè, Àǹtí Sítáàṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi apá ọ̀tún dojú kọ yàrá, kò sì jọ pé ìṣẹ́jú yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Bọ̀dá," ó ní, "kí ni wọ́n kọ nípa tèmi?"

Ọdún méjìdínláàádọ́ta, obìnrin yìí kò bèèrè rí. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ sin òbí, ó bá a sin ìyàwó, ó bá a tọ́ Abẹ́rẹ́, kò bèèrè. Tíṣà fẹ́ sọ pé kò rántí. Ìwé àtijọ́ náà ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ó kà á fún un. Katikíìsì ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Fúnra mi," ni Àǹtí sọ. Ó rọra sọ ọ́, ó ń tọ́ ọ wò. "Ọyún ń dà létí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo padà lọ. Ọ̀gá ní mi ò gbọ́ ìbéèrè, kí n lọ máa ran ìyá mi lọ́wọ́ nílé. Fúnra mi ni mo lọ." Ó yí etí ọ̀tún sí i. "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ẹ wálé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú íńkì lọ́wọ́. Ẹ ò lè wo ojú mi. Ẹ fún mi ní ẹran yín nínú oúnjẹ alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fún ènìyàn lẹ́ran!"

Ojú ti Tíṣà, ojú tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná. "Ẹ̀rù ló ń bà mí," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ọ̀gá ló ní kí n kọ ọ́."

"Mo mọ ìyẹn náà," ni àbúrò rẹ̀ sọ. "Mi ò bá ọmọ ọdún mẹ́tàlá bínú. Mi ò bá a bínú rí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mò ń wò báyìí."

Ní yàrá kejì, Oníbúrẹ́dì ń lu ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì. Ó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bóyá kó lè gbọ́ dáadáa.

Báyìí ni Abẹ́rẹ́ ṣe wọlé bá wọn, ọmọ lẹ́yìn, ìwé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ìbínú rẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà, ẹkún ló kù. "Awọ inú etí rẹ̀ ti ya," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ní ó lè jinná lóṣù méjì. Ó ní ó sì lè máà jinná. Ó bi mí ohun tó ṣe é, mo sọ fún un, ó ní ọmọ yìí ni ìkẹrin tí wọ́n gbé wá bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, láti ilé ìwé kan náà." Ìgbà yẹn ló rí Katikíìsì, tó rí bébà pélébé lórí tábìlì, tó sì fà á yọ. Ó kà á. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo gègé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ti kọ. Ó gbé bébà náà padà síwájú rẹ̀.

Tíṣà tún ki gègé bọ íńkì. Ó tẹ̀ síwájú láti ibi tó dé, ó sì ń kà á síta bó ṣe ń kọ ọ́, bí ó ti máa ń ṣe fún kíláàsì kejì: "Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní kíláàsì kẹrin gba ìgbátí lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ orin ayẹyẹ. Awọ etí òsì rẹ̀ ya. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà ni ìkẹrin lọ́dún yìí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ó ṣubú. Kò ṣubú." Ó fọwọ́ sí i.

"Háà! Tíṣà!" Katikíìsì di orí mú. "Ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ ya á, sà, ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì gbẹ."

"Ojú ewé ọgọ́rùn-ún ó lé méjì ni," ni Tíṣà wí. "Bí ọgọ́rùn-ún ó lé méjì bá sọnù, Bíṣọ́ọ̀bù mọ nọ́ńbà kà."

"Wọ́n máa lé ọmọ yìí o. Fádà ò sì ní tẹ ìtàn yín. Gbogbo iṣẹ́ yín!"

Tíṣà wo òkìtì bébà tó ti ń tò láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn ún. Ẹ má rò pé kò dùn ún. Ó ti fojú inú rí orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwé náà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. "Sọ fún Fádà pé orí kọkànlá kò tọ̀nà," ó ní, "àti pé èmi ni mo kọ ọ́. Bí wọ́n bá lé ọmọ mi, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé."

Katikíìsì di ìwé tuntun mú sábẹ́ apá, ó kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, ó lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Abẹ́rẹ́ gbé ọmọ wọ yàrá lọ tẹ́, ó sì dì mọ́ ọn lórí ibùsùn. Ó ku ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nídìí tábìlì.

Tíṣà rò pé ó ti parí. Ó ń wá aṣọ tí yóò fi nu gègé. Àǹtí Sítáàṣì na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó fa ìwé àtijọ́ wá sí àárín tábìlì, ó sì fi ìka rẹ̀ tí omi ti hun lé abẹ́ ìlà ọdún yẹn, níbi tí àyè díẹ̀ kù sí.

"Ó ku ibí," ó ní.

Tíṣà kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ wọ́, kò dọ́gba: "Ohun tí mo kọ sókè yìí, irọ́ ni. Ọ̀gá ló gbá a létí títí etí náà fi di, ọ̀gá ló sì lé e. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, àbúrò mi ni." Ó kà á fún un ní apá ọ̀tún. Ó fẹ́ fọwọ́ sí i.

"Kò tíì tó," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Mo ní orúkọ."

Tíṣà sì kọ ọ́: èyí tí bàbá wọn sọ ọ́, èyí tí ìyá wọn sọ ọ́, àti èyí tí Fádà fi omi sọ ọ́. Àǹtí Sítáàṣì tẹ̀ síwájú, ó fi ìka rẹ̀ tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kan íńkì, ó ń gbé ètè, títí ó fi ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán fúnra rẹ̀.